Ta Ni Ó Yan Ìpín Orílẹ̀-Èdè?

Àwọn baba wa, tí wọ́n gbà pé kò sí ẹni tí ó wá sí òde ìsálayé láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ yà sí ilé Àjàlá alámọ̀ láti yan orí, fi ìtàn ọ̀rẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún wa: Oríṣéèkú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ẹlẹ́rìí ìpín. Àwọn méjì àkọ́kọ́ sáré wọlé, wọ́n gbé orí tí ó dùn ún wò, wọn kò mọ̀ pé amọ̀ rẹ̀ kò jiná. Kí wọ́n tó dé ayé, òjò ti rẹ́ ẹ tán. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà lọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó rúbọ, ó bá àwọn àgbà ojú ọ̀nà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà tí ó sì bá àwọn olówó ní ẹnu ọ̀nà Àjàlá, ó san gbèsè tí Àjàlá jẹ wọ́n, Àjàlá fúnra rẹ̀ sì bá a yan orí tí ó jiná. Ìtàn ẹnìkọ̀ọ̀kan ni èyí. Ohun tí ó ti ń gbé mi lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé, orílẹ̀-èdè ńkọ́? Ǹjẹ́ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí wọ́n jọ ń gbé abẹ́ àsíá kan ní ìpín kan tí wọ́n jọ kúnlẹ̀ yàn? Bí wọ́n bá ní in, ta ni ó bá wọn yàn án, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò jẹ nínú rẹ̀ kò tíì dáyé?

Ìlàjẹ ni ìbéèrè yìí ti bá mi jù. Kì í ṣe ti etíkun Oǹdó lọ́hùn-ún ni mo wí, níbi tí Olúgbó ti Ùgbò àti Amàpetu ti Máhìn ti ń jọba, bí kò ṣe ti Bàrígà, lẹ́yìn Ṣómólú àwọn atẹ̀wé, ní Èkó àkéte ilé ọgbọ́n, arómisá lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀, níbi tí àwọn apẹja tí wọ́n tukọ̀ kúrò ní etíkun ti fi orúkọ ilé sọ ibùdó, tí àwọn àti àwọn Ègùn sì jọ ń pín etí ọ̀sà. Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, kò jìnnà síbẹ̀. Afárá Third Mainland, tí a parí ní 1990, sì na gbọọrọ lójú omi níwájú wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ìyá kan tí ó ń to ẹja sórí àwọ̀n onírin tí ó tẹ́ sórí àgbá, tí ó ń kọ orí gbogbo wọn sí ọ̀nà kan náà, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ti igi sínú iná. Ẹja náà kì í ṣe ẹja ọ̀sà. Páálí tí ó ti kó wọn jáde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi yìnyín ṣì ń ṣàn lára rẹ̀; ọkọ̀ òkun ni ó gbé e wá láti ilẹ̀ òkèèrè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹja ọ̀sà wá dà?"

"Ó ti sá, ọmọ mi. Ọlọ́run ló mọ bí ọ̀la yóò ṣe rí."

Èmi kọ́ ni yóò bu ẹnu àtẹ́ lu ìgbàgbọ́ àgbà. Ọba a-tẹ́-rẹrẹ-kárí-ayé ni ó ni ọ̀la lóòótọ́. Síbẹ̀ àwọn kan náà tí wọ́n kọ́ wa ní àyànmọ́ ni wọ́n sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Bí ọ̀la bá ti jẹ́ ilẹ̀kùn tí a tì pa, kí ni babaláwo ń wá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, kí sì ni a ń rúbọ sí? Ìgbàgbọ́ tí ó bá dáwọ́ dúró ní "Ọlọ́run ló mọ̀," tí kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àwa náà mọ̀, mo bẹ̀rù pé ó ń di ẹrù tí kì í ṣe ti Ọlọ́run ru Ọlọ́run.

Nítorí ẹja sá, ṣùgbọ́n nǹkan ni ó lé e. Ìdọ̀tí ìlú ńlá ni ó ń ya sínú ọ̀sà, tòun ti èérún igi tí ibi ìlagi Òkobàbá ti dà síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wa yanrìn ń gba ara òpó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, wọ́n á di èémí mú nísàlẹ̀ omi, wọ́n á gòkè pẹ̀lú ojú pípọ́n, wọ́n á dà á sínú ọkọ̀ títí etí ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Yanrìn yẹn sì ń di búlọ́ọ̀kù ilé fún àwọn tí kò ní tẹ ẹsẹ̀ wọn sí Ìlàjẹ láéláé. Ẹ̀dínwó epo tí a mú kúrò ní May 2023 ni ó mú kí lítà epo kan, tí kò tó igba náírà, di ohun tí ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín oṣù kan, tí ẹni tí ó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fi tún padà di àjẹ̀ mú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ti ọ̀run já bọ́.

Epo rọ̀bì pàápàá, tí a rí ní Olóíbírí ní 1956, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ tà ní 1958, mo kà á sí orí Oríṣéèkú: ó dùn ún wò, kò jiná. Èyí tí ó jiná ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, tí a fi owó kòkó àti owó orí gbé dúró, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kùn sí nígbà náà nítorí pé ó wúwo, èrè rẹ̀ sì jìnnà. Ní ti gbèsè tí Afùwàpẹ́ san, ẹ wo tiwa: ní 2005 ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ayánilówó tí a ń pè ní Paris Club gbà láti fi nǹkan bí bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá, ṣùgbọ́n kí ọmọ tí a bí lọ́dún náà tó pé ogún ọdún, gbèsè ilẹ̀ òkèèrè tí ó wà lọ́rùn wa ti ju ti àtijọ́ lọ. Gbèsè yìí ni àwa ń gbé dé ẹnu ọ̀nà Àjàlá, a ò sì béèrè ẹni tí yóò san án.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àwùjọ tí ó kọ̀ láti jókòó de ìpín, kí ó padà sí etíkun tí àwọn ará Ìlàjẹ Bàrígà ti wá, kí ó wo Ayétòrò. Ní 1947, àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan, tí ìnúnibíni ti lé kúrò nínú ìletò wọn, gbé òpó kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ létí Òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n sọ ohun gbogbo di ti gbogbo ènìyàn, wọ́n sì fi olórí kan jẹ tí wọ́n ń pè ní Ogelóyinbo. Àdúrà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi àdúrà rọ́pò iṣẹ́: wọ́n kan ọkọ̀ ńlá, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà, wọ́n la ọ̀nà omi, kí ọdún 1960 sì tó wọlé, iná mànàmáná ti ń tàn nílùú wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ọba aládé ṣì ń tan àtùpà. Kì í ṣe pé Ọlọ́run fẹ́ràn wọn ju àwọn aládùúgbò wọn lọ. Owó tí ì bá fọ́n ká sọ́wọ́ oníkálukú ni wọ́n kó jọ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n ti jẹ́ kí ẹnìkọ̀ọ̀kan máa dá tirẹ̀ ṣe, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe sì rọ díẹ̀díẹ̀. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ó nira fún ọmọ láti ru àgbélébùú tí baba fi ìfẹ́ gbé.

Ṣùgbọ́n Ayétòrò kan náà ni ó kọ́ mi ní ìkejì ọ̀rọ̀ náà, èyí tí ó korò. Òkun ti ń jẹ ìlú náà láti bí ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé ìwé, ó ti gbé ibi tí a sin àwọn òkú sí. A ti kéde iṣẹ́ ìdènà òkun fún wọn, omi sì ń wọlé síbẹ̀. Kí ni a óò pe èyí? Àyànmọ́? Omi òkun ń ga nítorí èéfín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láti ilé iṣẹ́ ìlú tí ọ̀pọ̀ ará Ayétòrò kò dé rí. Nígbà náà, ohun tí àwọn kan ń pè ní ìpín wọn, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mìíràn ni, tí ó rìn jìnnà kí ó tó dé, tí ó sì ti gbàgbé ojú ẹni tí ó rán an. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀ nìyí: orílẹ̀-èdè ní ìpín, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí yóò gbé e ni ó ń yàn án. Àwa ni a wà nílé Àjàlá báyìí, àwa ni a ń gbá orí mọ́lẹ̀ wò bóyá ó jiná, orí náà kì í sì í ṣe tiwa. Ọmọ tí wọn yóò bí ní Ìlàjẹ lálẹ́ òní yóò ka ọ̀sà tí kò lẹ́ja, gbèsè tí kò jẹ àti ilé ìwé tí kò sí sí àkúnlẹ̀yàn. Yóò sì tọ̀nà láti pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni èyí, kò kan ẹ̀sìn. Ó kàn án gidigidi, nítorí pé ilé ìjọsìn ń ka ohun tí ìjọba kò kà. Ní 1963, wọ́n kà wá, a lé ní mílíọ̀nù 55. Ní 2006, a di 140 mílíọ̀nù. Láti ìgbà náà a kò tíì kà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ju ìdajì àwa tí a wà láyé yìí lọ tí a bí lẹ́yìn ọdún náà tàbí díẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò se oúnjẹ fún agbo ilé gbọ́dọ̀ mọ iye ẹnu. Àwọn ìjọ aláṣọ funfun tí ó wà létí omi Bàrígà mọ iye tiwọn, nítorí pé wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n sì ń kọ orúkọ náà sínú ìwé. Kí àwọn wòlíì, àwọn pásítọ̀ àti àwọn lémọ́ọ̀mù àdúgbò kó ìwé wọn jọ, kí wọ́n ro iye ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́dún yìí pọ̀, kí wọ́n sì jọ gbé e lọ sí káńsù Bàrígà láti béèrè yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí a óò kọ́ de àwọn ọmọ náà fún ọdún kẹfà sí òní, nítorí pé ọjọ́ orí tí wọn yóò wọ ilé ìwé kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.