Ìbéèrè Òbí Nípa Oògùn Ọmọ: Àfojúdi Ni Tàbí Ojúṣe?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí gbé ẹrù lé àgbà lórí, ṣùgbọ́n kò sọ bí nǹkan yóò ti rí nígbà tí àgbà bá pé méjì lórí ọmọ kan ṣoṣo. Nínú ilé ìwòsàn, àgbà ni òbí nítorí pé òun ni ó bí ọmọ. Àgbà ni dókítà náà nítorí pé òun ni ó ní ìmọ̀. Bí dókítà bá wá kọ oògùn apakòkòrò fún ọmọ, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń kọ òbí lóminú, kí ni ó tọ́ kí òbí ṣe? Ṣé kí ó dákẹ́ ni, àbí kí ó béèrè? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí pé ẹni tí ó kàn jù lọ kò tíì lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ kan tí ó wọn kílò 10, tí òtútù àyà ń bá jà. Oògùn tí a sábà máa ń kọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni amoxicillin. Nínú ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2014, ó kéré tán, mílígíráàmù 40 ni kí a fún ọmọ lórí kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Èyí ju ìwọ̀n tí a ń lò láyé àtijọ́ lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀, mílígíráàmù 400 ni yóò kan ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n oríṣi ìgò méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí àtẹ: ọ̀kan ní mílígíráàmù 125 nínú mílílítà 5, èkejì ní 250 nínú mílílítà 5 kan náà. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, mílílítà 16 ni ọmọ yóò mu. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, 8 péré ni.

Ìyá tí ó ti fún ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí ní mílílítà 5 rí, tí ara rẹ̀ sì yá, àyà rẹ̀ yóò já bí ó bá gbọ́ 16. Kò jẹ̀bi, ìfẹ́ ni ó ń já a láyà. Síbẹ̀, ìwọ̀n náà tọ̀nà. Ẹ̀wẹ̀, bí dókítà bá kọ 8 nítorí pé ìgò tí ó lágbára ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, tí ẹni tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù sì ta ìgò kejì, ìdajì oògùn ni ọmọ yóò máa mu, àyà ẹnikẹ́ni kò sì ní já. Èyí tí kò léwu ni ó dẹ́rù bani. Èyí tí ó léwu wọlé wẹ́rẹ́. Ojú lásán kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, àfi ìbéèrè.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú òbí. Èkíní ni kí ó dákẹ́ kí ó sì ṣe bí a ti wí. Àwọn kan ń yin ọ̀nà yìí, wọ́n ní ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá ọ̀gá jiyàn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni dókítà: ó lè rẹ̀ ẹ́, ó lè lo ìwọ̀n kílò tí a kọ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, àmì kékeré kan sì lè fò lójú ìwé kí 2.5 di 25. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó bá rí ohun tí ó rú u lójú tí ó sì dákẹ́, kò bọ̀wọ̀ fún dókítà. Ó kàn fi í sílẹ̀ ní òun nìkan ni.

Ọ̀nà kejì ni ó wọ́pọ̀ jù, òun náà ni ó sì burú jù. Òbí yóò kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ ní ilé ìwòsàn, yóò ní, “Ẹ ṣé o, dókítà.” Bí ó bá délé, yóò bu oògùn kù, tàbí kí ó dá a dúró ní ọjọ́ kejì nígbà tí ara ọmọ bá fúyẹ́. Ẹnu bọ̀wọ̀, ọwọ́ kọ̀. Irọ́ ni èyí, bí a kò tilẹ̀ la ẹnu pa á. Bí àìsàn náà kò bá lọ, dókítà yóò rò pé oògùn ni kò ran kòkòrò, yóò sì kọ èyí tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Aburú rẹ̀ kò sì mọ sí ilé kan. Alexander Fleming, ẹni tí ó ṣàwárí penicillin lọ́dún 1928, sọ̀rọ̀ yìí ní Stockholm ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bùn Nobel tí ó gbà. Ó pa ìtàn ọkùnrin kan tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn, tí ó ra penicillin fúnra rẹ̀, tí ó lo èyí tí kò tó láti pa kòkòrò ṣùgbọ́n tí ó tó láti kọ́ kòkòrò bí a ti ń kojú oògùn. Kòkòrò tí ó ti gbọ́n yìí ran ìyàwó rẹ̀. Oògùn kò ràn án mọ́, obìnrin náà sì kú. Ejò tí a ṣá lọ́gbẹ́ tí a kò pa, kì í ṣe ẹni tí ó ṣá a nìkan ni yóò bù jẹ.

Ọ̀nà kẹta ni kí òbí béèrè. Àwọn kan yóò ní àṣà wa kò fi àyè gba kí a máa bi onímọ̀ léèrè. Wọn kò wo àṣà náà dé ìsàlẹ̀. Nídìí Ifá, ẹni tí ó wá dáfá kì í kàn gbọ́ kí ó sì dìde. Babaláwo yóò mú ìbò, yóò fi bi Ifá bóyá ire ni tàbí ibi, àti irú ẹbọ tí yóò gbà. Bí a bá lè tún bi Ifá léèrè tí kò sì di àfojúdi, kí ni yóò mú kí ìbéèrè lọ́wọ́ dókítà di ẹ̀ṣẹ̀? Abéèrè kì í ṣìnà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ní ìwọ̀n tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn. Kì í ṣe ẹjọ́ ni òbí ń dá. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wá. Kí ó béèrè iye kílò tí a fi ṣírò, agbára oògùn tí ó wà nínú ìgò, iye mílílítà, iye ìgbà àti iye ọjọ́. Kí ó béèrè ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n, nítorí pé ṣíbí ìdáná kò dọ́gba. Bí a bá dá a lóhùn tí ó sì yé e, ó di dandan kí ó ṣe bí a ti wí. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, tàbí kí ó lọ bá onímọ̀ mìíràn. Kò tọ́ kí ó fi ìmọ̀ràn aládùúgbò tàbí ti olóògùn inú ọkọ̀ dípò rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Dókítà náà ní ẹrù tirẹ̀. Èrò pọ̀ níwájú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlàyé jẹ́ ara oògùn. Òbí tí a jágbe mọ́ lónìí kò ní béèrè lọ́la; ọ̀nà kejì, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀, ni yóò gbà. Bí a bá sì sọ ìlò oògùn ní èdè tí ìyá ọmọ kò gbọ́, kò yàtọ̀ sí ẹni pé a kò sọ ọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè òbí kì í ṣe àfojúdi, bí ó bá ti jẹ́ pé iwájú dókítà ni ó ti béèrè, tí ó sì múra tán láti gbọ́ èsì. Àgbà méjì ni ó wà lọ́jà yìí. Bí ọ̀kan bá rí i pé orí ọmọ fẹ́ wọ́, kí ó wí i sókè; kí èkejì má sì bínú pé a wí i.