ÌWỌ̀N ÒDODO LÓRÍ OWÓ ORÍ ILÉ



Nígbà tí a bá ń ka Súrà Mutaffifin, níbi tí Ọlọ́hun ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, ọjà ni ọkàn wa máa ń lọ. A ó rántí ìyá oníhóró ẹ̀wà tó lu ìdí kóńgò wọnú. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni rántí ọkùnrin tó mú téèpù àti bírò wọ agboolé, tó wo ilé yí po, tó sì kọ iye kan sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n ni òun náà mú lọ́wọ́. Bó bá kọ ọ́ kọjá ààlà, ọdọọdún ni onílé yóò máa san ìrẹ́jẹ náà. Bó bá sì kọ ọ́ kéré nítorí ọ̀rẹ́, àwọn aládùúgbò ni yóò gbé ẹrù tó sọ̀ kúrò lórí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Owó orí ilé ni mo ń sọ. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi iṣẹ́ dídíwọ̀n ilé àdáni sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló sì ń ṣe òfin iye tí wọn yóò gbà lé e. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ rí ní 1998, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kano gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ kan. Ilé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ kò ní àṣẹ láti gbé e fún wọn, káńsù ló ni ín. Nítorí náà kò jìnnà sí wa ní Ìlasà níbí. Ẹni tí káńsù yóò gbé téèpù lé lọ́wọ́ lọ́la lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ilé méjì ní àdúgbò kan náà. Àkọ́kọ́ ni ilé yàrá mẹ́wàá tí bàbá kan fi owó kòkó kọ́: ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, páànù tó ti dípẹtà. Bàbá ti kú, àwọn ọmọ wà ní Èkó àti Àkúrẹ́, ìyá arúgbó kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kù síbẹ̀. Ilé kejì kò ju yàrá mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ayálégbé ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì ń sanwó. Bó bá jẹ́ iye yàrá nìkan ni a fi ń díwọ̀n, ìyá arúgbó ni yóò sanwó jù. Ta ni yóò dáhùn níwájú Ọlọ́hun? Ṣé ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ní kí wọ́n lọ ka yàrá ni, àbí ẹni tó rí i pé páànù ń jò tí kò kọ ọ́ sílẹ̀?

Sharia ti mọ ìyàtọ̀ ilé méjèèjì yìí tipẹ́. Àwọn onímọ̀ ní kò sí sàká lórí ilé tí èèyàn ń gbé. Owó tí ayálégbé ń san, bó bá pé òdíwọ̀n tó sì yípo ọdún lọ́wọ́ onílé, ló ní sàká.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń béèrè pé ẹni tó ti yọ sàká, kí ló tún kàn án pẹ̀lú owó orí? Owó orí kì í ṣe sàká, ọ̀kan kò sì dí ipò èkejì. Imam Shatibi ti Granada, onímọ̀ Málíkì tó kú ní 1388, gbà pé olórí tó bá jẹ́ olódodo lè bu owó lé àwọn ọlọ́rọ̀ nígbà tí àpò ìlú bá gbẹ, níwọ̀n tí yóò tó. Ẹ kíyè sí i pé ó ní olódodo, ó sì ní ọlọ́rọ̀.

Lẹ́yìn tí Ànábì (S.A.W.) ṣẹ́gun Khaybar ní ọdún 7 Hijra, ó fi ọgbà dàbínù sílẹ̀ sọ́wọ́ àwọn Yahudi ibẹ̀ kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì máa mú ìdajì èso wá. Abdullah ọmọ Rawaha (R.A.) ló máa ń rán láti lọ díwọ̀n èso náà lórí igi. Wọ́n kó ohun ọ̀ṣọ́ àwọn ìyàwó wọn jọ fún un kí ó lè dín in kù. Ó kọ̀ ọ́, ó ní háráámù ni. Kò fi pamọ́ fún wọn pé òun kò fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ó ní ìyẹn kò ní kí òun rẹ́ wọn jẹ. Bó bá sì ti sọ iye tán, a ní kí wọ́n yàn: bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n mú èso kí wọ́n fún àwọn Musulumi ní ìdajì iye náà, bí wọ́n bá sì fẹ́, kí òun mú èso kí òun fún wọn ní ìdajì iye kan náà. Wọ́n ní irú òdodo báyìí ni sánmà àti ilẹ̀ fi dúró. Ó wà nínú Muwatta Imam Malik.

Mi ò mọ ìdánwò tó dára ju èyí lọ fún ẹni tó ń díwọ̀n ilé. Bó bá kọ ọ́ pé ilé ìyá arúgbó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, ṣé òun lè rà á ní iye náà? Ní Èkìtì wa yìí tí àwọn ẹlẹ́sìn Kristi pọ̀ jù wá lọ, ìbáà jẹ́ Joseph ni wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà tàbí Yusuf, téèpù kan náà ni.

Hádíìsì kan tún wà nínú Abu Dawud àti Tirmidhi, níbi tí Ànábì ti ní kí àwọn tó ń díwọ̀n èso fi ìdá mẹ́ta kan sílẹ̀ fún olóko, bí wọn kò bá sì lè fi ìyẹn sílẹ̀, kí wọ́n fi ìdá mẹ́rin kan sílẹ̀. Ẹyẹ yóò jẹ, àlejò yóò jẹ, òmíràn yóò já bọ́. Nígbà tí Èkó ṣe òfin owó ilẹ̀ àti ilé tuntun ní 2018, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò nínú iye ilé. Ilé mílíọ̀nù 20 tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé yóò ku mílíọ̀nù 12, wọn yóò wá gba 0.076 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, èyí tí í ṣe ₦9,120. Síbẹ̀ ariwo sọ, nítorí iye tí wọ́n kọ sí ilé àwọn kan ti lọ sókè ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àwọn agbẹjọ́rò Ìkẹjà ṣe ìwọ́de. Lóṣù kẹta ọdún náà, ìjọba dín ti onílé tó ń gbé ilé rẹ̀ kù ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2020 wọ́n sọ 0.076 di 0.0394. Òfin náà yọ ilé tí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ń gbé sílẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n opó àgbẹ̀ kò ní pẹ́ńṣàn tí yóò fi hàn.

Àtúnṣe kì í ṣe àbùkù fún ìjọba. Umar (R.A.) rán Hudhayfah àti Uthman ọmọ Hunayf lọ wọn ilẹ̀ Iraq kí wọ́n bu owó lé e. Bukhari gbà á wá pé ní ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gún un lọ́bẹ, ó dá àwọn méjèèjì dúró ní Madina, ó bi wọ́n bóyá wọn kò di ẹrù tí ilẹ̀ kò lè gbé lé e. Wọ́n ní rárá. Kò fi mọ bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Àwọn opó Iraq ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa onílé náà. Ẹni tó ní ayálégbé mẹ́rin tó ní ẹbí ni gbogbo wọn, òṣùwọ̀n ló dín kù. Ẹni tó tẹ́ ẹní méjì sí pálọ̀, tó gbé búùtà àlùwàlá sẹ́nu ọ̀nà, tó wá ní mọ́ṣáláṣí ni, kí káńsù lè yọ ọ́ sílẹ̀, Ọlọ́hun ló ń fi ilé Rẹ̀ pa irọ́ mọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì gbà síṣẹ́ yìí, ẹ rántí agbowó sàká tó dé tó ní èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fi ta òun lọ́rẹ. Ànábì bi í bóyá ọrẹ náà ìbá wá bá a ká ní ilé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ló jókòó sí.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe kò le. Bí ìwé káńsù bá dé ọwọ́ àwọn àgbà tí kò lè kà á, ẹ bá wọn kà á. Ẹ ka yàrá, ẹ wọn ilẹ̀, ẹ kọ ipò tí òrùlé wà àti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Bí iye bá kọjá, ẹ bá wọn kọ ìwé ẹ̀hónú kí ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà tó kọjá, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan dání. Bí ó bá tọ́, kí wọ́n san án, kí wọ́n gba rìsíìtì tó ní òǹtẹ̀. Ilé àwọn opó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ti Musulumi àti ti ẹni tí kì í ṣe Musulumi.