Inú Ló Ń Run Ún

Àyànmọ́ ò gbóògùn, làwọn àgbà wí. Èmi kàn fẹ́ mọ oògùn tí a lò fún àbúrò mi tí àyànmọ́ rẹ̀ kọ̀.

Télọ̀ ni. Bó bá rán agbádá, ọrùn rẹ̀ kì í wọ́. Ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún kó tó máa gbọ́ ohùn tí àwa yòókù ò gbọ́. Ilé ààfáà la kọ́kọ́ gbé e lọ. Wọ́n fún un ní hàǹtú mu, wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lẹ́sẹ̀. Dókítà ọpọlọ tí a padà rí ló bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́ lóṣooṣù, àbúrò mi sì tún jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀. Ìgbà tó yá, owó abẹ́rẹ́ ga kọjá agbára wa, dókítà tó mọ̀ ọ́n jápa. Àwọn ohùn yẹn padà.

Síbẹ̀, wèrè kọ́ ló pa á. Lóru ọjọ́ kan ó di ikùn mú, ó ń bú ẹni tí a ò rí, ó ń ké pé iná ń jó òun nínú. A sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wo ìwé rẹ̀, ó ní, “Àlhájà, àìsàn orí yẹn ló tún dé o. Ẹ mú un lọ síbi tó ti ń gbàtọ́jú.” Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Àpẹ́ńdíìsì ló bẹ́ sí i nínú. Ìgbà tí dókítà mìíràn fi máa rí i, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Mùsùlùmí ni mí. Mo gba kádàrá gbọ́, n ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kálífà Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀, ṣe ló ṣẹ́rí padà. Abu Ubaydah, ọ̀gágun rẹ̀, bi í bóyá kádàrá Ọlọ́run ló ń sá fún. Umar fèsì pé inú kádàrá Ọlọ́run lòun ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́run. Ta ló wá sọ fún wa pé ikú nìkan ni kádàrá, tí dókítà tó yẹ ikùn wò kì í ṣe ara rẹ̀?

Àwọn baba wa tó gbà pé ọ̀run lèèyàn ti ń kúnlẹ̀ yan orí, àwọn náà ló ń wa gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ fún wèrè. Nígbà tí Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn ọpọlọ ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn sọ́dọ̀ ará abúlé, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. (Nínú gbogbo wọn, n ò gbọ́ pé ẹnì kan ká ọwọ́ gbera kó ní àyànmọ́ ni.)

Ààfáà ní kí n gba kádàrá. Lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ti gbà á. Lọ́wọ́ ẹni tó wo ìwé tí kò wo ikùn, n ò tíì gbà á, n ò sì rí ibi tí Kùránì ti ní dandan ni kí n gbà á.