Òwú Tí Ó Kan Ojú Wa

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jóòbù 8:13–15, Àìsáyà 59:3–6, Tímótì Kejì 1:7



Ọ̀rọ̀ kan ń dààmú ilé púpọ̀ láàrin wa, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba. Ìyàwó ilé yóò jáde ní ìdájí lọ pọn omi, yóò ní òwú aláǹtakùn kan òun lójú. Kò rí i, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n lára. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn a ti sọ fún un pé ọ̀tá ni ó ta okùn sí i lójú, kí ó tètè lọ gba ìtúsílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń parí sí ni ẹnu ọ̀nà ìyá ọkọ, tàbí ti ìyá arúgbó kan tí kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwa fi ojú ara wa rí. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a sin àwọn ọmọbìnrin wa tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì láti Òṣogbo, a gba Iléṣà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí òkè ní ìpele méje. Aláǹtakùn ni wọ́n fẹ́ kó. A tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ igbó lẹ́bàá omi, a fi ọ̀pá gbọn ẹ̀ka igi, aláǹtakùn ń já bọ́, àwọn ọmọ ń kó wọn sínú igò. (Àwọn kan nínú wa kò jẹ́ fi ọwọ́ kàn án!) Nínú koríko a rí ìyá aláǹtakùn kan tí ó so àpò ẹyin mọ́ ìdí tí ó ń sá lọ. Nígbà tí ẹyin irú èyí bá pa, ẹ̀yìn ni ó ń gbé gbogbo ọmọ sí. Ta ni ó kọ́ ọ ní ọmọ pípọ̀n?

Inú ikùn rẹ̀ ni òwú ti ń jáde. Bí ó bá fẹ́ ta àwọ̀n láti igi kan dé èkejì, kì í fò. Yóò tú òwú sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka òdì kejì, yóò wá gba orí rẹ̀ kọjá bí afárá. Òru ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọjá ní ìdájí ni yóò fi ojú já a. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wọn pẹ̀lú a máa tú òwú, afẹ́fẹ́ a sì gbé wọn lọ. Ní 1832, Charles Darwin wà nínú ọkọ̀ ojú omi Beagle, ní nǹkan bí 60 máìlì sí etíkun Argentina, nígbà tí irú wọn bọ́ sórí okùn ọkọ̀ náà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀tá wo ni ó rán wọn?

Bíbélì mẹ́nu kan òwú yìí. Bílídádì fi ìgbẹ́kẹ̀lé ẹni tí ó gbàgbé Ọlọ́run wé e. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n Jóòbù tí kò ṣẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ sí, Ọlọ́run sì bínú sí i ní ìgbẹ̀yìn. Nínú Àìsáyà, àwọn tí ètè wọn ń purọ́ ni ń hun òwú aláǹtakùn, kò sì lè di aṣọ. Ẹnu tí ó bá pe ìyá arúgbó ní àjẹ́ nítorí òwú, òun gan-an ni ó ń hun ún. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà, abala 210, pàápàá ka irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2.

A kò sọ pé ibi kò sí láyé. Nínú Àdúrà Olúwa, a ń bẹ Baba pé kí ó gbà wá. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé ẹ̀mí ìbẹ̀rù kò ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá.

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ìyá àgbà tí ń dá gbé ní àdúgbò wọn, kí a máa lọ kí wọn ní méjì-méjì kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. Ẹ mú oúnjẹ dání, kí ẹ sì mú ìgbálẹ̀ ọlọ́pàá gígùn. Òwú aláǹtakùn pọ̀ ní àjà ilé àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó òkè mọ́.