Òkúta gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí: Ìbéèrè Lórí Ìbẹ̀rẹ̀ Òṣùpá àti Mẹ́kúrì

Nínú àwọn ẹ̀sìn tí ó gbilẹ̀ jù lọ láàárín àwọn Yorùbá, ìmọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Àwọn onífá ń pe Ọ̀rúnmìlà ní Ẹlẹ́rìí Ìpín, nítorí pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí Olódùmarè ń pín àyànmọ́ fún ẹ̀dá, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń tọ̀ ọ́ lọ kí ó lè rán olúkúlùkù létí ohun tí ó ti gbàgbé. Nínú Ìwé Jóòbù, Ọlọ́run bi Jóòbù pé níbo ni ó wà nígbà tí a ń fi ìpìlẹ̀ ayé sọlẹ̀, Jóòbù kò sì rí èsì fọ̀. Kùránì náà, nínú Súrà Kahf, sọ nípa Ìbílísì àti àwọn ọmọ rẹ̀ pé Ọlọ́run kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tí Ó ń dá sánmà àti ilẹ̀. Ìbéèrè ńlá ni èyí gbé dìde: bí kò bá sí ojú ènìyàn kankan tí ó rí ìbẹ̀rẹ̀ Òṣùpá, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí ti Mẹ́kúrì, pílánẹ́ẹ̀tì tí ó sún mọ́ Oòrùn jù lọ, ǹjẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ òkúta ń sọ nípa wọn tó ohun tí à ń pè ní ìmọ̀, àbí àlọ́ tí wọ́n fi iye nọ́ńbà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni?

Ìbéèrè náà kò ṣàjèjì sí ọdẹ. Ọdẹ tí ó bá ipasẹ̀ ẹtu létí odò kò fojú rí ẹtu, síbẹ̀ ó mọ̀ pé ẹtu ni, ó mọ apá ibi tí ó gbà lọ, bí etí ipasẹ̀ náà bá sì ti gbẹ tí ó ń ya, ó mọ̀ pé ẹran náà ti kọjá tipẹ́. Ipasẹ̀ kò mọ irọ́ í pa, ọdẹ ni ó lè ṣì í kà, ìyàtọ̀ yìí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí dá lé. Ẹlẹ́rìí tí ó fojú rí nǹkan lè gbàgbé, ó lè gbè sẹ́yìn ẹni tí ó wù ú, ó sì lè gba rìbá. Ṣùgbọ́n ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀ bí, tí àpá ìṣẹ̀lẹ̀ náà sì wà lára rẹ̀, kò ní ẹnu tí yóò fi gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Òkúta orí Òṣùpá kò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wòran nígbà tí Òṣùpá ń di Òṣùpá. Òun gan-an ni ohun tí ó ń di Òṣùpá.

Láàárín 1969 sí 1972, àwọn ará Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sórí Òṣùpá lẹ́ẹ̀mẹfà nínú ètò Apollo, wọ́n sì kó òkúta àti erùpẹ̀ tí ó tó kìlógíráàmù 382 bọ̀ wá sílé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1971, David Scott àti James Irwin, tí wọ́n bá Apollo 15 lọ, ń yẹ ẹ̀gbẹ́ òkè kan wò ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Apennine, nígbà tí wọ́n rí òkúta funfun kan tí ó jókòó lórí òkúta mìíràn tí eruku ti bò, bí ẹni pé ẹnì kan gbé e síbẹ̀ dè wọ́n. Gíráàmù 269 péré ni, àtẹ́lẹwọ́ gbà á, ara rẹ̀ sì ń kọ mànà níbi tí Oòrùn ti ta sí i. Àwọn oníròyìn ni wọ́n sọ ọ́ ní Òkúta Jẹ́nẹ́sísì. Irwin jẹ́ onígbàgbọ́ Kristẹni, ó tilẹ̀ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ inú Sáàmù nígbà tí ó wà lórí Òṣùpá. Nígbà tí ó padà dé, ó dá ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan tí ń jẹ́ High Flight sílẹ̀ ní 1972, ó sì gun òkè Árárátì ní ilẹ̀ Tọ́kì lọ wá ọkọ̀ Nóà. Kò rí ọkọ̀ náà. Wíwá méjèèjì ti inú ọkàn kan náà wá, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ayé ti ṣẹ̀ wá kò lè ṣe kí ó má wá ohun tí ọwọ́ lè bà. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni ó bọ́ sí Irwin lọ́wọ́, òun náà sì ni ó ṣeé bi ní ìbéèrè.

Kí ni òkúta náà wí? Anọ́tósáìtì ni orúkọ irú rẹ̀, èyí tí í ṣe òkúta funfun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èròjà kan ṣoṣo ni ó para pọ̀ di í, èròjà náà sì fúyẹ́ ju òkúta yíyọ́ tí ó ti jáde lọ. Kí Irwin àti Scott tó gbéra rárá ni John Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ti rí irú hóró funfun bẹ́ẹ̀ nínú erùpẹ̀ tí Apollo 11 kó wá. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú ni Apollo 11 balẹ̀ sí, àwọn hóró funfun náà kò sì pọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò tó hóró ìrẹsì. Ẹlòmíràn ì bá kà wọ́n sí pàǹtí kí ó gbọ̀n wọ́n dànù. Ohun tí wọ́n bi ara wọn ni pé níbo ni nǹkan funfun ti wá sí ilẹ̀ dúdú, èsì tí wọ́n sì mú jáde ní 1970 ni pé láti orí àwọn ilẹ̀ gíga ni ó ti fò wá nígbà tí òkúta láti òfúrufú ń kọlu Òṣùpá, àti pé bí ilẹ̀ gíga náà bá funfun káàkiri, a jẹ́ pé gbogbo ojú Òṣùpá ti jẹ́ òkun òkúta yíyọ́ rí. Ẹni tí ó bá ti dúró níbi tí àwọn ìyá ti ń fọ epo pupa mọ bí ó ti ń rí: epo á léfòó, èkùrọ́ á rì. Nínú òkun iná yẹn, èròjà fúyẹ́fúyẹ́ léfòó ó sì di èèpo funfun, èyí tí ó wúwo rì lọ sísàlẹ̀. Ara òkúta náà ni wọ́n sì ti ka ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí àwọn èròjà kan wà tí wọ́n ń yí padà di òmíràn láìyára, láìfalẹ̀, irú bí uranium tí ìdajì oríṣi rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ń di òjé láàárín nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 4.5. Àwọn òkúta funfun wọ̀nyí ti lé ní ọdún bílíọ̀nù 4.

Iná wo ni ó wá tó láti yọ́ gbogbo ojú Òṣùpá? George Darwin, ọmọ Charles Darwin, ti sọ ní nǹkan bí 1879 pé ara Ayé ni Òṣùpá ti já nígbà tí Ayé ń yí kíákíá. Àwọn mìíràn ní àlejò ni tí Ayé fà mọ́ra, àwọn kan sì ní ìbejì ni àwọn méjèèjì. Kò sí èyí tí ó bá ẹ̀rí òkúta mu tán. Ní 1975 ni William Hartmann àti Donald Davis dábàá pé ohun ńlá kan kọlu Ayé nígbà tí ó ṣì kéré ní ọjọ́ orí, tí ohun tí ó fọ́n jáde sì para pọ̀ di Òṣùpá, nígbà tí àwọn onímọ̀ sì pàdé ní Kona, ní Hawaii, ní 1984, àbá yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fara mọ́. Theia ni wọ́n wá sọ ohun tí ó kọlu Ayé náà, orúkọ ìyá òrìṣà Òṣùpá nínú ìtàn àwọn Gíríìkì. Wọ́n sì rò pé ó tó pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ní títóbi.

Ẹ̀rí méjì ni ó gbé àbá náà ró jù lọ. Èkíní ni pé Òṣùpá dà bí ẹyìn tí ẹran rẹ̀ pọ̀ tí èkùrọ́ rẹ̀ kéré: irin tí ó wà láàárín rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀, nígbà tí ti Ayé tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí sì yé ni bí ó bá jẹ́ pé ẹran ara nìkan ni ìkọlù náà fọ́n jáde. Èkejì ni ọ́síjìn tí ó wà nínú òkúta. Oríṣi ọ́síjìn mẹ́ta ni ó wà, ìwúwo wọn kò dọ́gba, bí wọ́n sì ṣe pò pọ̀ mọ́ra dà bí ilà ojú tí a fi ń dá ọmọ ìdílé kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Òkúta tí ó já bọ́ láti Máàsì ní ilà tirẹ̀. Ilà kan náà ni Ayé àti Òṣùpá kọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di ìṣòro, ó sì yẹ kí òǹkàwé fara balẹ̀ níbẹ̀. Ìṣirò kọ̀ǹpútà fi hàn pé bí ìkọlù náà bá rí bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ rò ó, ara Theia ni ó yẹ kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà Òṣùpá ti wá, ilà àlejò ni ó sì yẹ kí ó hàn lójú rẹ̀. Ẹ̀rí náà wá gbe àbá yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn kan ní ilé kan náà ni Theia àti Ayé ti wá tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn ní ooru náà pọ̀ débi pé àwọn méjèèjì yọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹjọ́ náà kò tíì parí. Ẹjọ́ mìíràn tún dé ní 2008, nígbà tí Alberto Saal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí àpá omi nínú àwọn hóró gíláàsì kéékèèké tí Apollo kó bọ̀, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti gbà fún nǹkan bí ogójì ọdún pé gbígbẹ táútáú ni inú Òṣùpá, èrò tí ó bá ooru irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ mu.

Bí Òṣùpá bá jẹ́ ẹyìn tí èkùrọ́ rẹ̀ kéré, Mẹ́kúrì ni òdìkejì rẹ̀ pátápátá. Bí a bá wọn ọ̀nà láti ojú ilẹ̀ rẹ̀ dé àárín gbùngbùn, kìlómítà 2,440 ni, nǹkan bí 2,000 nínú rẹ̀ sì jẹ́ kóró irin, tí ó fi jẹ́ pé bí èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ ni òkúta rí lára rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àlàyé tí àwọn àgbà onímọ̀ fẹ́ràn ni pé Mẹ́kúrì ti ní ẹran ara púpọ̀ rí, ṣùgbọ́n yálà ìkọlù ńlá kan bó o kúrò, tàbí ooru Oòrùn nígbà èwe rẹ̀ sọ ọ́ di èéfín. Ó bọ́gbọ́n mu, ó sì bá ìtàn Òṣùpá ṣe rẹ́gí. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ohun kan di dandan: gbogbo èròjà tí kì í lè fara da iná, irú bí potásíọ̀mù àti imí-ọjọ́, ti gbọ́dọ̀ sá kúrò lára Mẹ́kúrì.

Ọkọ̀ òfúrufú MESSENGER bẹ̀rẹ̀ sí yípo Mẹ́kúrì ní oṣù Kẹta 2011, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi já lu ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2015. Kò fọwọ́ kan òkúta kankan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó tẹ́tí sí ìtànṣán tí ojú ilẹ̀ náà ń yọ, nítorí bí etí olóye ṣe ń dá ohùn ìyá ìlù mọ̀ yàtọ̀ sí ti gúdúgúdú, bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán èròjà kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Ó bá potásíọ̀mù níbẹ̀, kò sá lọ. Ó bá imí-ọjọ́ níbẹ̀, tí ó fi ìlọ́po mẹ́wàá, ó kéré tán, ju ti òkúta Ayé tàbí ti Òṣùpá lọ. Mẹ́kúrì sọ pé rárá sí ohun tí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ti rò nípa rẹ̀. Àwọn kan ti tún àbá ìkọlù ṣe láti ìgbà náà kí ó lè gba ẹ̀rí tuntun yìí mọ́ra, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ mọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ó ya ìmọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àlọ́ nìyẹn. Apàlọ́ ni ó ni àlọ́ rẹ̀, ìjàpá kò lè dìde nínú àlọ́ kí ó já a nírọ́. Ṣùgbọ́n òkúta lè já onímọ̀ nírọ́, ó sì ti já ọ̀pọ̀ wọn.

Síbẹ̀, ẹ̀rí òkúta ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, Mẹ́kúrì sì fi èyí náà hàn. Kò sí òkúta kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n mú wá láti ibẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé ilẹ̀ kan níbẹ̀ ti tó ọdún bílíọ̀nù mélòó kan, kòtò tí òkúta òfúrufú gbẹ́ sí i ni wọ́n kà, wọ́n sì fi wé iye kòtò tí ó wà lórí ilẹ̀ Òṣùpá tí wọ́n ti fi òkúta tí Apollo kó wá mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn kòtò Mẹ́kúrì bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ Enwonwu, ní ìrántí Ben Enwonwu, ọmọ Nàìjíríà tí ó ṣe ère Ṣàngó tí ó dúró ní Marina l'Ékòó, nítorí orúkọ àwọn ayàwòrán, òǹkọ̀wé àti olórin olókìkí ni wọ́n fi ń sọ wọ́n. Ẹ̀rí tí a yá lọ́wọ́ aládùúgbò ni ìṣirò ọjọ́ orí yìí: ẹ̀rí ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó ń lò ó máa rántí pé yíyá ni ó yá a.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ń dun àwọn ẹlẹ́sìn. Bí Òṣùpá, tí a fi ń ka oṣù, tí àwọn Mùsùlùmí ń wò kí wọ́n tó gbààwẹ̀, bá jẹ́ èso ìkọlù tí ó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, ṣé kò ti bọ́ lọ́wọ́ Olódùmarè? Èrò náà rú ohun méjì pọ̀. Ẹni tí ó gbà pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ọmọ nínú oyún kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kọ agbẹ̀bí sílẹ̀, ìmọ̀ agbẹ̀bí kò sì gba amọ̀ lọ́wọ́ Ọbàtálá. Bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ ni òkúta mọ̀. Ẹni tí ó ni ín kò sí nínú ohun tí wọ́n bi í, onímọ̀ tí ó bá sì ní òkúta ti dáhùn pé kò sí ẹnikẹ́ni ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ìbéèrè tí Ọlọ́run bi Jóòbù kò sọ pé kí Jóòbù má wádìí. Ìgbéraga ni ó bá wí, irú ìbáwí kan náà sì ni potásíọ̀mù orí Mẹ́kúrì fi kan àwọn ọlọ́gbọ́n ní 2011.

Àwọn kan wà tí wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìmọ̀ àwọn kò tíì pé. Ní oṣù Kejìlá 1972, Eugene Cernan àti Harrison Schmitt ti ọ̀pá kan bọ ilẹ̀ Òṣùpá, wọ́n fi fa erùpẹ̀ jáde, wọ́n sì dé apá kan rẹ̀ pa sínú agolo lórí Òṣùpá níbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ Ayé má baà kàn án. Nígbà tí ó dé Houston, wọ́n tọ́jú rẹ̀ láìṣí i, nítorí wọ́n gbà pé àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ní irinṣẹ́ tí ó dára jù, wọn yóò sì mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n bi í. Oṣù Kẹta 2022 ni wọ́n tó ṣí i, àwọn kan lára àwọn tí wọ́n sì jókòó tì í lọ́jọ́ náà ni a kò tíì bí nígbà tí wọ́n dé e.