Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Tún Ohun Tí Kò Tíì Bàjẹ́ Ṣe?

Àwọn kan gbà pé ohun tí kò bá tíì bàjẹ́, kí a má fọwọ́ kàn án. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi Linux ṣe àpẹẹrẹ, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991.

SMB2 jẹ́ àdéhùn tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pàṣẹ: 8 ni "kà á", 9 ni "kọ ọ́". Nínú Linux, apá kan ń béèrè fáìlì. Apá kejì, ksmbd, tó dé ní ọdún 2021, ń pèsè rẹ̀. Nítorí pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a kọ wọ́n, ọ̀pọ̀ nọ́ńbà kan náà ló wà níbi méjì. Àwọn tó ń kọ ètò náà wá ń kó wọn sí ojú kan tí apá méjèèjì ti lè kà á.

Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Kí wá ni èrè rẹ̀? Bí ẹ̀dà bá jẹ́ méjì, lọ́jọ́ kan ẹnìkan yóò tún ọ̀kan ṣe, yóò gbàgbé èkejì. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni fáìlì rẹ̀ kò ní ṣí.

Òótọ́ ni pé ọwọ́ tó ń tún nǹkan ṣe lè bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ojúṣe wa sí ẹni tí kò ní mọ̀ wá, tí kò sì ní dúpẹ́, kò kéré sí ojúṣe wa sí ẹni tó ń wò wá.