Ọ̀kan Ṣoṣo Ọ̀gá

Àwọn àgbà ní kàkà ká bí ẹgbàá ọ̀bùn, ká kúkú bí ọ̀kan ṣoṣo ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n fi ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ ọnà níwájú èèyàn ló yẹ kó kọ́kọ́ há a sórí.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe ọjọ́ àṣà láwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò. Orí tábìlì kan ni wọ́n máa ń kó gbogbo rẹ̀ lé: ìkòkò, igbá fínfín, ère, àdìrẹ, gángan, ọpọ́n ayò. Àwọn òbí á ya fọ́tò, wọ́n á kọjá. Ẹ bi ọmọ tó dúró ti tábìlì pé ta ló mọ ìkòkò yẹn, kò mọ̀. Ó máa ń dùn mí. Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í, àmọ́ báwo lojú ṣe fẹ́ rí ohun tí ogún nǹkan mìíràn bò mọ́lẹ̀?

Àwọn ará Japan ti ro èyí jinlẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ètò tíì mímu, àyè kan wà lára ògiri tí wọ́n ń pè ní tokonoma. Ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì àti yíǹkì dúdú kọ, tàbí àwòrán kan, ni wọ́n ń fi kọ́ síbẹ̀. Àlejò tó bá wọlé á kọ́kọ́ lọ síwájú rẹ̀, á tẹrí ba, á wò ó dáadáa, kó tó lọ jókòó. Wọ́n máa ń pìtàn Sen no Rikyu, ọ̀gá ètò tíì tó kú ní 1591, pé òkìkí òdòdó ọgbà rẹ̀ kàn dé etí Hideyoshi tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà. Nígbà tí Hideyoshi fi máa dé, Rikyu ti gé gbogbo òdòdó náà kúrò. Tìbínú-tìbínú ni àlejò fi wọnú yàrá, àfi bó ṣe bá ẹyọ kan péré níbẹ̀, èyí tó rẹwà jù.

Abọ́ tíì wọn náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Àlejò á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, á yí i díẹ̀ kó má baà fi ẹnu kan iwájú rẹ̀, á mu ún tán, á wá wo inú àti ìdí rẹ̀, á sì rẹ ọwọ́ sílẹ̀ kó má baà já láti òkè. Ọwọ́ ni Chojiro, tó ń mọ abọ́ tíì tí wọ́n ń pè ní Raku nígbà ayé Rikyu, fi ń mọ ọ́n, láìlo kẹ̀kẹ́ tó ń yí amọ̀. Ọwọ́ náà làwọn ìyá wa fi ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù àti ní Dada, Ìlọrin.

Ọ̀nà àwọn àti àwa tilẹ̀ ti pàdé rí. Bernard Leach, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ṣẹ́ amọ̀ ní Japan. Michael Cardew kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Leach. Cardew ló wá dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tó ń jẹ́ Suleja báyìí. Ibẹ̀ ni Ladi Kwali wá ní 1954, obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Ó ti mọ ìkòkò mímọ dunjú kó tó débẹ̀. Nígbà tó rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà ní 1972, ojú èrò ló ti ń mọ ìkòkò, tó ń rìn yí i po bí ó ṣe ń ga. Àfihàn tó pé nìyẹn, nítorí ẹni tó rí ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ kò ní pe iṣẹ́ náà ní yẹpẹrẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ mú àmù kan ṣoṣo. Ẹ gbé e síbi tí ojú ọmọ máa tó o, ẹ pọn omi tútù sí i, kí wọ́n bu mu. Bó bá jẹ́ ọjà Ìkọ̀tún lẹ ti rà á, ẹ bi ìyá tó tà á pé ìlú wo ló ti wá, ta ló mọ ọ́n, kí ẹ sì kọ orúkọ náà gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí agbára bá wà, ẹ pe amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ wá, kó jókòó ti amọ̀ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì san owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ rẹ̀ pé.